Ẹ̀bùn Ìwà Rere Tí N Kò Gbà

                                        Ilé Zakariyah,
                                        Ugwuaji, Enugu.
                                        20 Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Ọlákẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ara? Ṣé ìyá wa ti ń rìn dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti wọlé padà? Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n. Wo àdírẹ́sì òkè yẹn dáadáa kó o tó bú mi. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti padà sílé ọkọ.

Ẹ̀bùn tí mo sọ fún ẹ lórí fóònù ló dá a sílẹ̀. Èmi ni wọ́n fún o! Nínú gbogbo àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ filọ́sọ́fì, ìwé tèmi ni àwọn òyìnbó tó ń fúnni lẹ́bùn ọ̀hún mú. Ohun tí mo kọ kò ju pé ẹni tó ṣe aburú ni kó gba ẹ̀bi ẹ̀, kí wọ́n má gbé e ka orí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Bàbá mi bi mí pé ẹ̀bùn kí ni. Mo ní ti moral responsibility ni, ìyẹn ẹni tí ẹ̀bi tọ́ sí. Responsible nìkan ni wọ́n gbọ́ níbẹ̀, wọ́n ní ọmọlúàbí nìyẹn. Bá a ṣe kírun Jímọ̀ tán, wọ́n dìde ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní òyìnbó ti fún Raodah ọmọ àwọn ní ẹ̀bùn ìwà rere. Gbogbo ọmọ Ìlọrin tó wà ní Enugu bá ń kí mi kú oríire! Mo rẹ́rìn-ín títí. N kò mọ̀ pé ẹkún ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n pe èmi àti Zakariyah ọkọ mi sí pálọ̀ bàbá mi ní Awkunanaw. O kúkú mọ ohun tí Zakariyah ṣe tí mo fi kúrò nílé ẹ̀: ìgbátí kan ṣoṣo, etí òsì mi ò gbọ́ràn mọ́ dòní. Alhaji Alárápé, alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ìlọrin, ní ṣé èmi tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn ìwà ni màá kọ ilé ọkọ sílẹ̀? Mo ní ìwé tí mo kọ ni wọ́n fún lẹ́bùn, kì í ṣe ìwà mi. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i, ó tún ń jiyàn!" Bàbá mi ò tiẹ̀ wojú mi. Wọ́n kàn ní, "Raodah, má dójú tì mí."

Mo kúnlẹ̀. Èmi! Mo bẹ ọkùnrin tó gbá mi létí. Ó ní òun ti foríjì mí. Gbogbo wọn ṣe àmín. Inú ń bí mi, Ọlákẹ́mi, inú ń bí mi.

Bá mi kí ìyá wa, àti Adéṣẹ́gun ọkọ ẹ tí kò nawọ́ sí ẹ rí.

Wọ́n ní kí n wá gba ẹ̀bùn náà lóṣù tó ń bọ̀, kí n sì dìde ka ìwé mi sí etígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi kà á?

Èmi ṣì ni tìẹ,
Raodah.