Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Ẹ Fi Jókòó ní Tésàn

Màmá mi ọ̀wọ́n, níbi tí ẹ wà tí mi ò mọ̀,

Mo tún lá àlá yín lọ́sàn-án òní. Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bọ́ bàtà, mo na ẹ̀yìn díẹ̀ lórí àga gígùn, ni oorun bá gbé mi lọ. Bẹ́ǹṣì tésàn ọlọ́pàá yẹn ni mo rí, láàárín ọjà Uselu gan-an, tí kẹ̀kẹ́ àti bọ́ọ̀sì ń yà fún un. Ẹ̀yin lẹ jókòó sórí rẹ̀. Bírò wà nínú irun yín, bí ẹ ṣe máa ń kì í bọ ibẹ̀ tí ẹ ó wá máa wá a kiri gbogbo ilé. Ojú ọ̀run dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Àwọn èèyàn ń kí yín ní Ẹ̀dó, ẹ ń dá wọn lóhùn ní Yorùbá, ẹ sì ń gbọ́ ara yín. Mo fẹ́ jókòó tì yín, ṣùgbọ́n ńṣe ni bẹ́ǹṣì náà ń gùn sí i, mi ò dé ibi tí ẹ wà títí mo fi jí.

Òní la ṣe ìrántí ọdún kan yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ń dùn mí bẹ̀rẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú yín, èmi ni mo kọ ìtàn ìgbésí ayé tó wà nínú rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ọmọ Èkìtì ni yín, pé ẹ tẹ̀wé fún ìjọba ní Benin títí ẹ fi fẹ̀yìn tì, pé ẹ fẹ́ràn ìjọ, ẹ sì mọ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sè. Ẹ̀gúsí, Màmá. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ tésàn. Kò sí ẹni tó ní kí n má kọ ọ́. Ìyá Osaro, tí ẹ bá lọ jókòó nígbà tí wọ́n ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé, yí ìwé náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó bi mí pé, “My pikin, where the police matter dey?” Mo ní àyè ni kò tó. Irọ́ ni. Àyè wà. Àwòrán òdòdó ni mo fi dí i.

Títí di àárọ̀ òní, àwọn ọmọ mi ò mọ̀ pé bàbá àwọn ti sun àtìmọ́lé rí. Díákónì ni mí. Sítọ́ọ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA ni mò ń tọ́jú báyìí, iṣẹ́ kẹrin láàárín ọdún mẹ́wàá. Ẹ mọ̀ mí, ara mi kì í balẹ̀ sójú kan. Tí mo bá fẹ́ sọ ti ìgboyà yín, àfi kí n sọ ti ara mi mọ́ ọn. Ohun tí mo ti ń sá fún nìyẹn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà, mò ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Uselu. Ìjà ṣẹlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́pàá dé, wọ́n kó gbogbo wa. Mo sọ fún yín pé mi ò ju òkò. Mo ju ẹyọ kan, Màmá. Kò ba ẹnikẹ́ni. Àbí ẹ ti mọ̀?

Ẹ dé tésàn lọ́sàn-án yẹn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Wọ́n ní àwọn á fi mí sílẹ̀ tí onídùúró bá ti wá, àmọ́ obìnrin kì í ṣe onídùúró, kí ẹ lọ mú ọkọ yín wá. Bàbá sì ti kú láti ọdún mẹ́fà. “Madam, any man go do,” sájẹ́ǹtì ló wí bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ ní kó fi ìwé tí wọ́n kọ òfin yẹn sí hàn yín. Kò rí i. Ẹ ní kò burú, ẹ ó dúró dè é kó wá a. Ẹ bá jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, onílé wa, bàbá Ẹ̀dó tí gbogbo wa ń pè ní Pa, wá láti àdúgbò Ogbe láti fọwọ́ sí ìwé kó mú mi jáde. Mo ń wò ó láti ẹ̀yìn irin àtìmọ́lé. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé lára ògiri ń mì bí omi, mo rò pé mò ń lálàá ni. Mo ti ń wá bàtà mi. Ẹ kúnlẹ̀ kí i, ẹ dúpẹ́, ẹ sì ní kó máa lọ sílé. Mo pariwo: “Màmá, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i.” Mo pè yín títí ohùn mi fi há. Ẹ ò wo ibi tí mo wà. Mo tún sun orí sìmẹ́ńtì lọ́jọ́ náà. Mo ní nínú mi pé ìjà tara yín lẹ ń jà, ara mi lẹ fi ń jà á. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú títí ẹ fi kú.

Lọ́jọ́ kẹta ni ọ̀gá wọn pátápátá dé, ó bi àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé ìwé òfin náà dà. Kò sí. Ó bá ti fọ́ọ̀mù onídùúró sí yín. Ẹ fi etí ìró nu gíláàsì ojú yín, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá wà lórí ìdúró, èmi náà wà lórí ìdúró, kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin ti ń kan ilẹ̀kùn wa. Ẹ ó wọ bàtà, ẹ ó bá wọn lọ jókòó, títí tésàn yẹn fi yéé béèrè ọkùnrin. Tí ẹ bá délé, ẹ ó tún máa tẹ lẹ́tà sí ìjọba. Mi ò bá yín lọ rí. Ẹ ò sì ní kí n wá. Kí ló dé tí ẹ ò ní kí n wá?

Lóṣù tó kọjá, Tọ́pẹ́, ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, pẹ́ kó tó wọlé. Ó ní wọ́n mú ọ̀rẹ́ òun kan, òun sì lọ dúró fún un. Ìrẹsì ló ń jẹ bó ṣe ń sọ ọ́. Mo bi í bóyá wọn ò ní kó lọ mú ọkùnrin wá. Ó wò mí bí ẹni tí iyè rẹ̀ ra. “Man ke? Daddy, for wetin? I just sign.” Ó bá bu ìrẹsì sí i. Mo wọ yàrá lọ, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

Lónìí, wọ́n pè mí síwájú ìjọ láti sọ̀rọ̀ nípa yín. Ìwé ẹ̀gúsí yẹn ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ká a sápò, mo ní mo ti sun àtìmọ́lé rí, pé ìyá mi ló dúró fún mi nígbà tí wọ́n ní obìnrin ò gbọ́dọ̀ ṣe é. Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ ní Píjìn nítorí Ìyá Osaro àti àwọn ọmọ. Mo sọ ti òkò náà pàápàá. Abẹ̀bẹ̀ dúró lọ́wọ́ àwọn ìyá ìjọ. Pásítọ̀ húkọ́. Bóyá wọn á gba oyè díákónì lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀.

Tọ́pẹ́ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. “So na you be the boy. You vex for Grandma?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Till now?”

Ìyá Osaro ló fà mí lọ sábẹ́ igi fúrúùtù. Ó ti darúgbó, agbòjò ló fi ń tilẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí ẹ bá òun jókòó, Osaro ń ké nínú lọ́hùn-ún, òun fẹ́ dìde lọ wá ọkùnrin yòówù tó bá ń kọjá. Ó ní ẹ di òun lọ́wọ́ mú. Ẹ ní kó ki etí gèlè rẹ̀ bọ ẹnu, kó fi eyín gé e, pé ohun tí ẹ̀yin ṣe nìyẹn nígbà tí ọmọ tiyín ń pè yín láti ẹ̀yìn irin, tí ẹ gé gèlè títí ó fi ya mọ́ yín lẹ́nu. Ẹ ní tí ẹ bá dìde lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní lè jókòó mọ́.

Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé ẹ ò gbọ́ mi ni.

Ọwọ́ mi wá ṣófo báyìí, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ tí kò tíì mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí. Ẹ sùn dáadáa, Màmá.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ jókòó fún.