Aṣọ Pupa Tí A Fi Ń Wá Atẹ́gùn

Kaothar ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Ìkẹjà tí o wà yẹn, bí o ti ń jáde tí o ń wọlé, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ, kí ọ̀gá rẹ ní Allen máa fi ojú àánú wò ọ́. A dúpẹ́, ara wa le, àfi ìyá rẹ tí ooru inú ilé páànù yìí kò jẹ́ kó mí dáadáa lálẹ́. Ó ń wúkọ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ìdí nìyẹn tí ilé tuntun tí o ń ya àwòrán rẹ̀ fún wa fi jẹ mí lógún.

O ní a ò gbọdọ̀ gbẹ́ ìpìlẹ̀ kí a tó mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Mo bi ara mi pé ṣé torí atẹ́gùn ni mo ṣe ta kajú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn rán ọ lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ọ. O ní kí a so aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọ̀pá láàárín ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́ ọ sí, kí n máa ya fọ́tò rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìyá rẹ mú ìborùn rẹ̀ pupa wá, torí òun ló fúyẹ́ jù. Mo tún gbé ẹnu fóònù sójú atẹ́gùn, kí o lè gbọ́ ohùn rẹ̀ ní Ìkẹjà kí o sì mọ irú èyí tó jẹ́. Bí kò bá tíì dé, mú sùúrù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí kò dára.

Àṣé a ò ronú. Aṣọ pupa lórí ọ̀pá nínú ilẹ̀ òfìfo, ta ni yóò rí i tí kò ní sọ pé ààlè ni? Kò sẹ́ni tó gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Lẹ́yìn ìrun alásárì, Lèmọ́mù fà mí sẹ́yìn, wọ́n rọra bi mí bóyá mo ti padà sídìí òrìṣà. Mo ní atẹ́gùn ni mò ń wá. Wọ́n ní àwọn yóò máa fi mí sínú àdúà.

Dàwódù tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tiwa pààlà ló wá yà mí lẹ́nu. Ó wá bá mi tòun ti fìlà lọ́wọ́, ó ní láti ìgbà tí òun ti rí aṣọ yẹn ni inú ti ń run òun. Kò sẹ́ni tó bi í tó fi jẹ́wọ́ pé òun ló hú pèrègún ààlà, tí òun sún un wọ ilẹ̀ wa, pé ibẹ̀ ni òun fẹ́ mọ ògiri ṣọ́ọ̀bù òun sí. Mo ní Dàwódù, atẹ́gùn ni aṣọ yẹn wà fún. Ó ní ohun tí ẹni tó bá pa ààlè máa ń sọ nìyẹn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dá pèrègún padà, ó sì ti kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kúrò. Ọmọ mi, apá ilẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ìborùn náà fi hàn pé atẹ́gùn ti ń wá. Ká ní ògiri yẹn ti dúró dí i lọ́nà ni, ààrò tuntun ni à bá kọ́ fún ìyá rẹ.

Ó kù kí o fi owó ránṣẹ́. Sànní bíríkìlà ti wo àwòrán rẹ, ó ní òun lè ṣe gbogbo rẹ̀, àfi àwọn ọfà búlúù tí o yà síbẹ̀, tó ń gba ojú fèrèsé kan wọlé tó ń gba òmíràn jáde. A wá irú rẹ̀ káàkiri ọjà Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò tà á. Bá wa rà á ní Dópẹ́mù, kí o sì yan èyí tó nípọn, torí atẹ́gùn ibí máa ń le nígbà òjò.

Ìyá rẹ ní kí o ra méjì sí i fún ara rẹ, ọ̀kan fún ìwọlé, ọ̀kan fún ìjáde. Ó ní nínú fọ́tò yàrá rẹ, fèrèsé kan ṣoṣo lòun rí, ògiri onílé kejì ló sì kọjú sí. Ó ní ẹni tó ń wá atẹ́gùn fún gbogbo ayé, kò yẹ kí òun fúnra rẹ̀ máa làágùn mọ́jú. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ilé tí ara yóò ti tù ọ́. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Nùréènì