Ẹ Wá Bẹ Ọmọ Ìjọ Tuntun Wò

Sí Pásítọ̀ Pyo Gi-hwan, ọmọ mi ní Seoul,

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, Pásítọ̀. Ìwọ Gi-hwan, ṣé o ti jẹun? Mo fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì gbọ́ lẹ́tà yìí, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè bá pásítọ̀ sọ, òmíràn sì wà tí ọmọ mi kì í ráyè gbọ́. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń ráhùn. Olúwa tó ń ṣọ́ wa níbí ní Goheung á máa ṣọ́ ọ níbẹ̀, o ò ní fẹsẹ̀ gbún òkúta.

A ti hú áyù tán. Pásítọ̀ Eom ti ìjọ wa níbí ló fi ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kó o lọ sọ́jà fún mi. Ọkùnrin náà ń wàásù, ó ń gbé arúgbó lọ sọ́síbítù, ó tún ń bá wa pààrọ̀ gílóòbù iná. Nígbà tó wá ṣàbẹ̀wò sílé mi, tó bọ́ bàtà, tó jókòó láti gbàdúrà, mi ò dijú. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò, ó ti lu níbi àtàǹpàkò. Mo ní, ìyá ta ló ń wo ìbọ̀sẹ̀ Gi-hwan báyìí? Àárò rẹ sọ mí, ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi. Pásítọ̀ Eom rò pé àdúrà òun ló wọ̀ mí lára, ló bá fi kún un.

Fóònù tí o rà fún mi, à ń lò ó. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣe ìsìn tiwa tán, èmi àti Ìyá Malsun tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa á gbé e ka orí tábìlì, a ò ní bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, a ó máa wo ìsìn tiyín nínú rẹ̀ láti Seoul. Mo máa ń juwọ́ sí yín, ẹ kì í dáhùn, mo mọ̀ pé èrò ló pọ̀ níwájú yín. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ kàn la ẹnu sílẹ̀ gbagada nínú fóònù, ẹ ò pa á dé, ẹ ò mira. Yéè! Mo kúnlẹ̀, mò ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ìyá Malsun ní kí n fara balẹ̀, pé bí pásítọ̀ bá ń rí ìran, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Nígbà tó yá, ẹ bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Ìran wo lẹ rí? Ṣé ẹ rí mi nínú rẹ̀?

Lẹ́yìn ìwàásù ni wọ́n kéde pé ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ ìjọ tuntun, pásítọ̀ á wá bẹ̀ ẹ́ wò nílé. Háà! Mo ní, Ìyá Malsun, ó parí! Láti ìgbà tá a ti sin bàbá rẹ, o ò tíì wálé. Tí ọdún bá dé, ẹ níṣẹ́. Ọjọ́ Ajé tí pásítọ̀ ń sinmi, ẹ̀ ń sìnkú. Ìyá Malsun bá ń tẹ fóònù láti forúkọ mi sílẹ̀, mò ń dáhùn. Wọ́n bi mí pé ta ló mú mi wá sí ìjọ yín, mo ní ọmọ mi ni. Mi ò dárúkọ, kí wọ́n má baà sọ pé ẹ̀ ń ṣojúsàájú.

Mo fọ ilé, mo ṣí ìkòkò ẹ̀fọ́ kimchi tuntun, mo wá ewé òkun tí mo máa fi se ọbẹ̀ tí o fẹ́ràn sílẹ̀. Àfi bí pásítọ̀ kékeré kan, Do lórúkọ rẹ̀, ṣe pè mí. Ohùn rẹ̀ dùn. Ó ní Goheung jìnnà, pé aláìsàn tó le gan-an nìkan ni pásítọ̀ àgbà ń bẹ̀ wò, òun á gbàdúrà fún mi lórí fóònù. Mo ní orúnkún ń dùn mí. Ó ní kò tíì le tó bẹ́ẹ̀. Ó wá bi mí pé kí ni kí àwọn bá mi gbàdúrà lé lórí, mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ mi wálé. Ó ní gbogbo ìjọ á gbé e sínú àdúrà ìdájí. Torí náà, Pásítọ̀, tí wọ́n bá ka ẹ̀bẹ̀ arúgbó kan láti Goheung, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe Àmín tó lágbára.

Gi-hwan, mo fẹ́ tọrọ owó. O mọ̀ pé mi kì í tọrọ. Owó ọkọ̀ tó máa gbé mi dé Seoul ni. A máa ń rí i nínú fóònù pé lẹ́yìn ìsìn, ẹ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ń bọ gbogbo ọmọ ìjọ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà á tò. Mi ò ní pariwo, mi ò ní pè ọ́ lórúkọ láàárín èrò. Ọlọ́run tó fi ọ́ fún mi, tí mo sì dá ọ padà fún un, á pa ọ́ mọ́ fún àwa méjèèjì. Tó bá kàn mí, má tètè fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.