Má Jẹ Ẹyin Inú Abọ́ Yìí

Ìyàwó ọmọ mi, àwọn adìẹ wa ti kú láàárọ̀ yìí, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Má jẹ ẹyin inú abọ́ yìí, má sì fún ẹnikẹ́ni jẹ.

Hóró ọ̀gbọ̀, tí wọ́n ń pè ní flaxseed, tí Candido àbúrò rẹ kó wá, tó ní yóò jẹ́ kí ẹyin ṣara lóore fún aboyún, òun ló pa wọ́n. Mo rí nǹkan pupa lára rẹ̀, mo bá fọ̀ ọ́ bí a ti ń fọ ẹ̀wà olóògùn, mo sá a gbẹ kí n tó fi bọ́ wọn. Nígbà tí Candido dé láàárọ̀, ó káwọ́ lérí: "Yéè, Màmá! Èyí tó wà fún gbígbìn nínú àpò kejì lẹ fi bọ́ wọn! Májèlé ni wọ́n fi kùn ún lára!" Gbogbo gẹ̀ẹ́sì tó sọ nípa ọpọlọ ọmọ, kò sọ ìyẹn.

Ìwọ fọkàn balẹ̀. Ẹyin tí o jẹ lánàá, ọjà Ìdúmàgbò ni mo ti rà á. Mi ò lè fún aboyún ní ohun tí n kò tíì tọ́ wò.

Candido ń gbé mi lọ sí ọsibítù. Má wá, rán Raymond ọkọ rẹ. Méjì nínú ẹyin àwọn adìẹ wa ni mo jẹ lánàá, ètè mi sì ti kú.