Ọmọ Oníka-Mẹ́fà Tí Làmídì Kọ̀

Iléṣà,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 1964.

Làmídì àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ilé ní Ìjerò. Mo gbàdúrà kí ìwé yìí bá ọ ní àlàáfíà ara, nítorí mo fẹ́ kí o lágbára tó láti kà á dé òpin. Ara tèmi le. Inú mi ni kò dùn, ìwọ lo sì bà á jẹ́.

Mo ti dé Ìkòrò. Mo rí Amudalat ìyàwó rẹ ní ilé bàbá rẹ̀, mo sì gbé ọmọ tí o lé jáde kí ìwọ́ rẹ̀ tó jábọ́. Ojú Amudalat ti jìn wọnú. Ó ní inú òjò ni ọkọ̀ já àwọn sí, òun sì fi ìró tó wà nídìí òun bo ọmọ. Ibà mú ọmọ náà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run àti nọ́ọ̀sì tó wà ní dìsípẹ́ńsárì. N kò rí ọpẹ́ tìrẹ níbẹ̀.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Ìka mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀tún, mẹ́fà lọ́wọ́ òsì. O ní kò sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdílé wa. O wá rántí pé oníka mẹ́fà ni Bánkọ́lé, kápẹ́ńtà ará Ìkìrun tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ọjà, òun ló sì kan kọ́bọ́ọ̀dù Amudalat. Ó tán. O kó àwọn ọmọ gáréèjì lọ fọ́ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà, ẹ sì lù ú títí ó fi sá padà sí ìlú rẹ̀. Ẹni tí kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan!

Nígbà tí mo gbọ́, mo wọ ọkọ̀ wá bá ọ. Mo jókòó ní pálọ̀ rẹ, mo fẹ́ fi sùúrù ṣàlàyé ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kíláàsì. O rẹ́rìn-ín. O ní, "Àǹtí, ìwé lẹ ń kà. Èmi mọ ẹni tó ni ọwọ́ yẹn." O dìde, o lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ níta, o fi mí sílẹ̀ bí ẹni tó wá ṣagbe. Bí o bá fẹ́, ya ìwé yìí, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kà á.

Nígbà tí oyún bẹ̀rẹ̀, ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan péré ni gbogbo wa, kò sì tó orí abẹ́rẹ́. Sẹ́ẹ̀lì yìí á pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pín lọ. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni àṣẹ tí a jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá wà. Jíìnì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Jíìnì ló ń mú kí èyí di egungun, kí èyí di awọ. Òun ló ń sọ ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì yóò máa pín àti ìgbà tí yóò dúró. Ọwọ́ ọmọ inú oyún máa ń kọ́kọ́ rí pẹlẹbẹ bí ṣíbí, kí ìka tó yà. Bí àṣẹ kan bá yàtọ̀ díẹ̀ níbẹ̀, ìka kan á yọ lé e. Kò sí àgbèrè nínú rẹ̀.

N kò ní purọ́ fún ọ: ìka kẹfà nìkan kò lè sọ ẹni tó bí ọmọ. Àwọn baba ńlá wa rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi fún un lórúkọ, Olúgbódi. Ṣé gbogbo Olúgbódi ilẹ̀ Yorùbá ni Bánkọ́lé bí?

Láti ilé rẹ ni mo ti gba Ìpótì lọ, sọ́dọ̀ Ìyá Rùkáyàt, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin. Àìsàn ti dè é mọ́lẹ̀, ohun tí wọ́n sì sọ fún un ni pé ìjà tọkọtaya lásán ni. Nígbà tí mo dárúkọ ìka ọmọ, ó dìde jókòó. Ó ní, "Làmídì? Làmídì tí èmi fúnra mi fi òwú so ìka rẹ̀ títí ó fi gbẹ jábọ́? Ìyá wa ló so ti bàbá yín náà!" Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún wa. Ó ní, "Ta ni í sọ irú ìyẹn fún ọmọ? Ó ti jábọ́, ó ti tán."

Làmídì, wo ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín ọwọ́ rẹ méjèèjì. Kókó kékeré tó o máa ń sọ pé ọkọ́ ló dá a sí ọ lára, fọwọ́ kàn án. Òwú já ìka náà, ṣùgbọ́n kò já àṣẹ tó wà nínú ara rẹ. Kò sí i lọ́wọ́ tèmi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jogún rẹ̀: ó ń kan ẹnìkan, ó ń fo ẹnìkan.

Ìyá Rùkáyàt ní àìsàn òun lè dúró, a sì jọ lọ sí Ìkòrò. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà lójú bàbá Amudalat àti gbogbo agboolé. Mo rò pé Amudalat yóò sunkún ayọ̀. Ó wò wá pẹ̀lú ojú gbígbẹ. Ó ní, "Àǹtí, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo sọ fún un, mo sì fi Kùránì búra. Ṣé kókó ọwọ́ ló wá yẹ kó jẹ́rìí mi?"

Kò ní padà sílé rẹ. Èmi náà kò bẹ̀ ẹ́. Òun àti ọmọ yóò wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, yóò sì kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ní tìrẹ, lọ sí Ìkìrun, kí o dọ̀bálẹ̀ fún Bánkọ́lé, kí o sì tún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọ́. Má rán ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ fọ́ ṣọ́ọ̀bù náà kò tíì rọ.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ìtìjú, nítorí ìtìjú nìkan ló kù tó lè gbà ọ́. Kí ó sì dá ẹ̀mí rẹ sí títí ọmọ yìí yóò fi dàgbà tó láti bi ọ́ léèrè.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí a jọ mu ọmú kan náà,
Simiat.

Àfikún: Ògúndélé awakọ̀ yóò wá kó ẹrù Amudalat lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Gbé gbogbo rẹ̀ síta dè é. Ó bi mí bóyá kí òun dúró gba èsì ìwé yìí lọ́wọ́ rẹ. Mo ní kó má dúró.