Okùn Lórí Apẹ̀rẹ̀ Obì

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá, 2025
Oṣù kan gbáko tí mo ti wá kàwé ní Ìlá, n kò tíì ní ọ̀rẹ́ kankan. Kò dùn mí. Ìyá Olóbì fún mi ní yàrá tí obì wọn ń gbé, wọn ò gbowó ilé: mò ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò. "Ọmọ Ìkòròdú yìí, ojú ẹ mú ju tàwọn ọmọ mi lọ." Àwọn ọmọ náà wò mí bí ẹni jẹ ewúro.

Ọjọ́rú, 5
Ọ̀gá Gíláàsì — Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì, olùkọ́ wa, tí kì í yé nu gíláàsì ojú rẹ̀ — sọ̀rọ̀ nípa àìsàn àwọn tó ń yẹ nǹkan wò léraléra tí wọn ò lè dá a dúró. Ó ní irú wọn kì í lè pọkàn pọ̀ pẹ́. Kíláàsì ń rẹ́rìn-ín. "Moyọ̀sọ́rẹ, ọkàn tìẹ dà?" Ọkàn mi wà nínú apẹ̀rẹ̀ kẹta, lórí obì kan tí kò dá mi lójú pé mo wò dáadáa. Láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀. Èwo ló tún ń jẹ́ pípẹ́? Òmùgọ̀ ni ọkùnrin yìí.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo tú ewé apẹ̀rẹ̀ kẹta. Kò sí kòkòrò. Mo dì í. Mo tún un tú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Gbogbo apẹ̀rẹ̀ ni mo ti tú, ó ku ẹyọ kan.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Oníbàárà Ìyá Olóbì láti Kánò dé, ó ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀ — obì ti gbẹ, ó ti hunjọ. Ọmọdé ibí pàápàá mọ̀ pé obì tí a ti fi ewé dì, a kì í jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ìyádùnní, àkọ́bí wọn, pàtẹ́wọ́: "Olójú mímú! Ojú ẹ ti fa omi ara obì gbẹ!" Ó ti ń wá ohun tí yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó rí i.
Ìyá Olóbì ò pariwo. Apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù tó ṣì dára, wọ́n fi okùn dì í, wọ́n fi í sílẹ̀ ní yàrá mi. "Bí okùn yìí bá tú kó tó di Fúráìdè, lọ wá ilé síbòmíràn."

Ọjọ́ Ajé, 10
Fúráìdè náà ni ìdánwò Ọ̀gá Gíláàsì. Mo ṣí ìwé. Okùn ń wò mí.

Ọjọ́rú, 12
Ojú ìwé kan náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Ìyá Olóbì tú okùn, wọ́n ṣí ewé. Obì tutù, ó ń dán. Wọ́n gbá mi mọ́ra. "Ṣé o rí i? O ti gbé e kúrò lọ́kàn." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọn ò mọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ Àìkú, ojú mi ò kúrò lára okùn yẹn, kí ọwọ́ mi má baà lọ síbẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò pàápàá, òun ni mò ń fojú inú wò.
Mo ti ní ilé. Ìwé tí mo fi lé Ọ̀gá Gíláàsì lọ́wọ́, orúkọ mi nìkan ló wà nínú rẹ̀. Yóò nu gíláàsì, yóò sọ fún kíláàsì pé n kò lè pọkàn pọ̀.
Kó lọ bi okùn léèrè.