Orúkọ Tí Mo Sọ Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Ẹ̀gbọ́n mi Bùráímọ̀ ní Àbíjàn,

Ẹ má wo ìkọ̀wé mi tí kò dára, ọ̀rọ̀ kì í tètè yá mi. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ikọ́ Ìyá ti lọ.

Nígbà tí Kodifuá nà wá nínú ìdíje bọ́ọ̀lù yìí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí wọ́n bí sọ́hùn-ún, ní lójú àlejò, "Ìyàwó, kúnlẹ̀ kí ọ̀gá yín!" Mo kúnlẹ̀.

Lánàá tí a tún pàdé, Nàìjíríà ti gbá góólù mẹ́ta sáwọ̀n wọn kí bátìrì rédíò tó kú. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ àbísọ. Tuntun ló ń fún wọn. Ìyá Góólù Mẹ́ta ni mo sọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí. Ẹ bá mi wádìí bóyá ó ju mẹ́ta lọ. Ọlọ́run á ṣọ́ yín.

"Ìyàwó!" Àwọn ló ń pè mí yẹn. Mẹ́ta náà tó, n ò ní dúró de èsì yín, òní ni n ó pè wọ́n bẹ́ẹ̀. N ó kúnlẹ̀ dáadáa, n ó ní, "Ìyá Góólù Mẹ́ta, mo ń bọ̀ o!"